Ìwé Òótọ́ Títí Di Màgàríbì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kàwé ní yàrá òkè mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham ní èmi ni kí n yan ìwé tí a óò kà ní ìgbà ìwọ́wé yìí. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ìtàn àròsọ. Ìwé òótọ́ ni wọ́n fẹ́, ìwé tó ń sọ nípa ohun tó wà láyé, tí èèyàn lè fi kúbùsù bo ẹsẹ̀ kó máa kà nígbà tí òjò bá ń lu fèrèsé. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ ni àyà mi ti ń já. Mo ti parí yunifásítì, mo sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní East Dulwich, níbi tí iṣẹ́ mi ti jẹ́ kí n máa sọ fún oníbàárà pé ẹ ka èyí, ẹ fi tọ̀hún sílẹ̀. Kò yẹ kí ìwé mélòó kan máa dẹ́rù bà mí. Mo mọ̀ pé mo máa ń ṣàlàyé ara mi ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí: kì í ṣe ìwé ni mò ń bẹ̀rù. Ọ̀sán ìgbà ìwọ́wé ni, nígbà tí oòrùn bá ṣì wà níta àmọ́ tí kò lágbára mọ́, tí èèyàn ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ fẹ́ ṣú tàbí kò tíì fẹ́ ṣú. Ní ọdún kan nígbà èwe mi, mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ lè pa ìyá mi, bí mo bá la ẹnu sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ.

Fúláàtì wa wà ní òkè kẹta ní ẹstéètì kan lẹ́yìn Rye Lane. Ilé tó ń dún ni. Bí lífítì bá ń gòkè, ògiri yàrá mi á máa kùn bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Ní ìdájí, a máa ń gbọ́ tí Dádì ń táràrà wá kọ́kọ́rọ́ wọn, nítorí bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dé gáréèjì kí àwọn èrò tó jí. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní bálùwẹ̀: Màmá ń ṣe àlùwàlá. Màmá ni ìyá tó bí Mọ́mì. Láti Ìwó ni wọ́n ti wá nígbà ooru ọdún náà láti wá tọ́jú ọmọ wọn, torí Mọ́mì lóyún, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru. Dókítà ní kí Mọ́mì fi iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Surrey Quays sílẹ̀, kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n má fẹ́ràn iyọ̀ mọ́, kí wọ́n má sì ronú. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí pa Màmá lẹ́rìn-ín. “Kí ta ni má ronú? Ọmọ tó ti ń ronú látinú mi!” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gba ìdáná lọ́wọ́ gbogbo wa. Kíṣìnì wa kún fún òórùn ìrú àti ata tí wọ́n ń lọ̀ láàárọ̀ kùtù, títí tí aládùúgbò òkè fi ń ṣí fèrèsé rẹ̀ gbàgà kí a lè gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe oyún náà ní oyún. “Ara Mọ́mì” ni wọ́n ń pè é. Ara Mọ́mì ńkọ́ lónìí? Rọra, ara Mọ́mì ò fẹ́ ariwo. Wọn ò ra fìlà kékeré kan, wọn ò ra ìbọ̀sẹ̀, nítorí Màmá ní àlejò tí kò tíì dé, a kì í tẹ́ ẹní dè é. Lónìí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Àmọ́ ọmọ tí wọn ò bá sọ nǹkan fún á sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ohun tí ọmọdé sì máa ń sọ fún ara rẹ̀ kì í dára.

Níbẹ̀rẹ̀ sáà ilé ìwé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ràn wọ kíṣìnì, èmi àti Màmá jókòó nílẹ̀, à ń ṣa ẹ̀wà lórí páànù. Mọ́mì ń sùn ní yàrá kejì. Mo ti gbọ́ pé kò sẹ́ni tó mọ àlọ́ tó Màmá ní gbogbo agbo ilé wọn, mo sì rò pé àsìkò ti tó.

“Màmá, ẹ pa àlọ́ kan fún mi.”

Wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wo ojú mi. “Ọ̀sán gangan yìí? Ràfíátù, ṣé o ò fẹ́ ìyá ẹ mọ́ ni?”

“Kí ló dé?”

“Wọn kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Ọmọ tó bá pa àlọ́ lọ́sàn-án, ìyá ẹ̀ ò ní í pẹ́ kú. Wo ọwọ́ ẹ, òkúta lo kó sínú ẹ̀wà yẹn.”

Bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó dá mi lójú báyìí pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wọn nígbà tiwọn, àti fún ìyá tó bí wọn, àti pé àìmọye ọmọ ló ti gbọ́ ọ tó sì bọ́ síta lọ ṣeré. Ṣùgbọ́n ìyá àwọn yẹn ò dùbúlẹ̀ sí yàrá kejì pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú lórí ìrọ̀rí méjì. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú mi lọ, ó sì jókòó síbẹ̀. Mi ò sunkún. Ohun tí mo máa ń ṣe títí dòní bí ẹ̀rù bá bà mí ni mo ṣe: mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè, bí ẹni pé bí mo bá mọ gbogbo ìlà òfin náà, ara á tù mí.

“Màmá, bó bá jẹ́ pé èèyàn kàn jókòó tó ń gbọ́ ọ ńkọ́?”

“Ẹni tó ń pa á àtẹni tó ń gbè é, ọ̀kan náà ni wọ́n.”

“Bó bá jẹ́ òyìnbó ló ń pa á ńkọ́?”

Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí wọn. “Òyìnbó ò ní ìyá ni?”

Ìdáhùn yẹn ló dá ìṣòro mi sílẹ̀. Títíṣà mi máa ń kó gbogbo wa jọ sórí kápẹ́ẹ̀tì kí ilé ìwé tó parí, á ṣí ìwé ìtàn, á máa fi oríṣiríṣi ohùn kà á, ti ìkookò, ti ọba, ti ọmọ òrukàn. Gbogbo kíláàsì á máa dáhùn níbi tó bá yẹ kí wọ́n dáhùn. Ọ̀sán ni. Oòrùn wà lára ògiri. Mo ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń ro ti ìyá kálukú wọn, àwọn tí wọ́n wà ní gẹ́ètì nísàlẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ di kọ́ọ̀bù tíì mú, tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí wọn lókè. Lọ́jọ́ kìíní mo ní orí ń fọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì mo ní inú ń run mí. Nígbà tí kò sí ẹ̀yà ara tí mo lè sọ pé ó ń dùn mí mọ́, mo sọ fún títíṣà pé ìwé òótọ́ nìkan ni mo fẹ́ràn, ṣé mo lè lọ jókòó sí igun kí n máa ka tèmi. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ọmọ tó fẹ́ràn òótọ́ ṣọ̀wọ́n. Mo gbé ìwé kan tó sọ nípa afárá, mo fi ìka di etí mi méjèèjì, mo ń fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí ojú ewé.

Nílé, aago kan wà lára ògiri pálọ̀ wa tí wọ́n ṣe bíi mọ́ṣáláṣí, tó máa ń pe ìrun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó há. Mo ti bi Màmá léèrè ibi tí òru ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní bí wọ́n bá ti kí Màgàríbì tán, ọ̀sán ti lọ. Torí náà aago yẹn di ọ̀rẹ́ mi. Ní oṣù kẹsàn-án, Màgàríbì ò tíì dé tí wọ́n ti ń lé mi lọ sùn. Èèyàn ò lè rí àlọ́ kankan gbọ́ nílùú tí ilẹ̀ kì í ṣú. Ṣùgbọ́n bí ewé ti ń pọ́n, Màgàríbì ń sún mọ́ wa, díẹ̀díẹ̀, bí ológbò. Gbogbo àgbà Peckham ń ráhùn pé ilẹ̀ ń tètè ṣú, pé òtútù ń bọ̀, pé àwọn ò ní í rí oòrùn mọ́. Èmi ń dúpẹ́. Gbogbo ọjọ́ tó bá kúrú, ewu tó wà lórí ìyá mi kúrú sí i. Mo ń ro ọ̀rọ̀ náà báyìí, ó sì ń ṣe mí láàánú pé ọmọdé kan wà láyé tó ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tu ara rẹ̀ nínú.

Láíbìrì ni mo ti ń rí ìwé tèmi. Wọ́n gbé tábìlì kan kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ibi àwọn ọmọdé, wọ́n to ìwé ìgbà ìwọ́wé sí i, ìwé òótọ́ àti ìwé ìtàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Apá ọ̀tún ni tòótọ́. Bí mo bá ní ìgboyà láti dá àwọn ọ̀rẹ́ mi lóhùn, àwọn ìwé bíi tàwọn ọjọ́ yẹn náà ni mo máa sọ pé kí wọ́n wá. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá èyí tó sọ nípa igi, kí wọ́n sì jókòó sídìí igi kà á, ní Peckham Rye, bí bẹ́ńṣì ò bá tutù. Kí wọ́n wá èyí tó sọ nípa olú, torí ìgbà òjò wínniwínni yìí ló ń hù, kí wọ́n sì mọ̀ pé èyí tí a rí lókè kò tó nǹkan, pé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń na ọwọ́ kiri. Kí wọ́n má kà á nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Kí wọ́n sì wá èyí tó sọ nípa ìràwọ̀, nítorí ní ìgbà ooru, oorun ti gbé èèyàn lọ kí ìràwọ̀ tó yọ, ṣùgbọ́n nísinsìnyí èèyàn lè rí wọn kó tó jẹ oúnjẹ alẹ́. Ìwé igi ni mo kà fún Màmá. Wọ́n ti ń wo àwọn igi páàkì láti ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ń mi orí pé igi ìlú yìí ń kú, kò sì sẹ́ni tó bìkítà. Mo ní, “Màmá, wọn ò kú. Igi náà fúnra rẹ̀ ló ń ju ewé rẹ̀ sílẹ̀. Á kọ́kọ́ fa oúnjẹ inú ewé padà sínú ara rẹ̀, á wá dí ojú ibẹ̀, ewé á já. Kí òun má bàa kú nínú òtútù ni.” Màmá wo òkè títí. “Igi ọlọ́gbọ́n,” ni wọ́n sọ. “Ó mọ ohun tí òun ò lè gbé kọjá òtútù.” Wọ́n ń yìn ín ni. Ṣùgbọ́n mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Mò ń ro ohun tí ara Mọ́mì lè jù sílẹ̀.

Nígbà ìsinmi àárín sáà, mo yá ìwé kan tó sọ nípa alápàńdẹ̀dẹ̀. Apá ọ̀tún tábìlì ni mo ti mú un, máàpù wà nínú rẹ̀, àwòrán egungun ìyẹ́ wà nínú rẹ̀, kò sí ìwé tó lè jẹ́ òótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mò ń kà á jẹ́jẹ́ ní pálọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán nígbà tí Mọ́mì pè mí. “Ràfí, kí lò ń dá kà níbẹ̀? Gbé e wá, wá kà á sí mi létí. Àjà yìí ti sú mi í wò.” Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo ka bí ẹyẹ náà ṣe ń kúrò nílẹ̀ òyìnbó bí òtútù bá fẹ́ dé, bó ṣe ń gba orí òkun, tó ń gba orí aṣálẹ̀ títí dé ilẹ̀ Áfíríkà. “Áà,” ni Mọ́mì wí, “ẹyẹ lásánlàsàn ń lọ sílé, èmi wà níbí.” Màmá ti gbọ́ láti kíṣìnì. “Alápàńdẹ̀dẹ̀? Àwọn tó ń kọ́lé sókè fáràndà wa ní Ìwó! Bi ìwé yẹn bóyá ó mọ̀ pé ìyàgbẹ́ wọn ló ba aṣọ Jímọ̀ mi jẹ́.” A rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ojú ewé, ìdùnnú ń gbé mi lọ, mi ò sì wo iwájú kí n tó la ẹnu: ẹyẹ kan yíjú sí èkejì lórí òkun, ó ní, “Àbúrò mi, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?”

Mo fi ọwọ́ bo ojú ewé náà. Oòrùn wà lórí kúbùsù Mọ́mì, ó mọ́lẹ̀ gbòò.

“Kí ló dé?” ni Mọ́mì wí. “Kí ni èkejì fi dá a lóhùn?”

“Mọ́mì, ẹyẹ kì í sọ̀rọ̀.”

“Ta ló sọ pé ó ń sọ̀rọ̀? Kà á lọ jàre, ó ń dùn mọ́ mi.”

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ibi tí mo wà ní ìṣẹ́jú yẹn. Bí mo bá kọ̀, mo kọ ohun tí ìyá mi tó ń ṣàìsàn béèrè. Bí mo bá kà á, mo pa àlọ́ lọ́sàn-án. Mo kà á. Mo yára, mo sì fi ohùn kékeré kà á, bóyá ohùn kékeré ò ní í dé ibi tó ń lọ. Àwọn ẹyẹ náà sọ̀rọ̀ títí ìwé fi parí. Mọ́mì rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí, mo sì ń wo ẹ̀rín náà bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́mì ní orí ń fọ́ àwọn, iná wẹ́wẹ́ sì ń tàn níwájú ojú àwọn. Dádì ò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n pe áńbúláǹsì. Mi ò rántí púpọ̀ nínú rẹ̀ ju aṣọ àwọ̀ ewé tí àwọn tó wá gbé wọn wọ̀, àti pé wọ́n ń pe Mọ́mì ní orúkọ wọn gan-an, láìsí Mọ́mì, láìsí Aunty. Ní họ́síbítù, dókítà sọ fún Dádì pé ẹ̀jẹ̀ ti ru kọjá ààlà, pé àwọn gbọ́dọ̀ gbé ọmọ náà jáde lọ́sàn-án yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Dádì bá wọn wọlé. Èmi àti Màmá jókòó sí yàrá ìdúró kan, àwa àti ọkùnrin òyìnbó kan tó ń tẹ fóònù. Fèrèsé ibẹ̀ tóbi. Ìmọ́lẹ̀ kún inú rẹ̀. Màmá ń ka tẹ̀súbà, ètè wọn ń mì, mo sì dúró títí mi ò fi lè dúró mọ́.

“Màmá, bí èèyàn ò bá mọ̀ pé àlọ́ ni ńkọ́?”

Tẹ̀súbà dúró. “Àlọ́ wo?”

Gbogbo rẹ̀ tú jáde lẹ́nu mi, ẹyẹ, òkun, apá ọ̀tún tábìlì, oòrùn lórí kúbùsù. Mo ní, “Ìwé òótọ́ ni mo mú, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé òótọ́ ni.” Bí ó bá jẹ́ èmi ni àgbà ibẹ̀ lónìí, mo mọ ohun tí mo máa sọ. Màá ní irọ́ ni, wọ́n kàn fi ń dẹ́rù ba ọmọdé kó lè ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ọmọ yẹn ò ní í gbà mí gbọ́. Màmá ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ìmọ́lẹ̀ tó wà lára ògiri bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó pọ̀ tó.

“Ìwọ ní ìyá, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ìyá ẹ náà ní ìyá?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Èmi wá ńkọ́?” Mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, “Wọ́n ti sin ìyá tèmi kí n tó bí ìyá ẹ. Kò sí nǹkan tí àlọ́ lè gbà lọ́wọ́ mi mọ́. Àárọ̀ o, ọ̀sán o, ìgbà tó bá wù mí ni mo lè pa á. Gbé ẹyẹ yẹn fún mi. Èmi ni mo ni ín. Èmi ni mo pa á, ìwọ kàn bá mi gbé e wálé láti láíbìrì ni.” Wọ́n tún gèlè wé. “Ààlọ́ o!”

Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. “Màmá, ẹni tó bá gbè é…”

“Panu mọ́. Èmi á pa á, èmi náà á gbè é.” Wọ́n sì dá ara wọn lóhùn, sókè, “Ààlọ̀!” Ọkùnrin òyìnbó náà gbójú sókè láti inú fóònù rẹ̀.

Wọn ò rántí aṣálẹ̀. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀. Àwọn ẹyẹ wọn bà sí òrùlé ọjà Ìwó, wọ́n bá aláta jà, wọ́n rí ọba lójú oorun. Nígbà tí ìlú mọ́lẹ̀ tán lójú mi ni ẹyẹ kan bi èkejì bóyá ẹ̀rù ń bà á. Mo ti gbàgbé ohun tí ìwé sọ pé ó fi dáhùn. Ti Màmá ni mo rántí: “Ẹ̀rù ń bà mí. Ìyẹ́ mi ni kò tíì gbọ́.” Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan wọlé, obìnrin Yorùbá, mo mọ̀ nípa bó ṣe tẹ orúnkún nígbà tó rí Màmá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo ilẹ̀kùn yẹn. Gbogbo ara mi fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n bí Màmá ò bá parí rẹ̀, ìyókù ṣì jẹ́ tèmi.

“Aunty, ẹ jọ̀ọ́,” mo wí, “ẹ dúró díẹ̀.”

Ó wò mí, ó wo Màmá. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀kùn. Màmá ò yára. Wọ́n gbé àwọn ẹyẹ náà kọjá odò, wọ́n bá wọn wá ilé, wọ́n bá wọn gbé e sókè fáràndà, wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ti rí wọn kẹ́yìn, bí àwọn bá sì purọ́, kí agogo ẹnu àwọn má ró. Wọ́n fi ìka gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́: pó, pó, pó. Ó ró.

“Ó ti parí?” ni nọ́ọ̀sì béèrè.

“Ó ti parí, ọmọ mi. Sọ ọ́.”

“Àwọn méjèèjì ń bẹ, Alhaja. Obìnrin ni, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ń ké. Ẹ lè máa bọ̀.”

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rí i pé èmi nìkan ni mo dìde. Màmá ní kí n máa lọ, pé àwọn ń bọ̀, pé ìyẹ́ àwọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún wọn mú lórí ìró, wọ́n dì wọ́n pinpin, wọn ò sì jẹ́ kí n rí ojú wọn.